Fúláàsì onírin tí ọkọ mi fi ń di oúnjẹ fún mi lọ síbi náìtì

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, fúláàsì yìí dáa, mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún, ọ̀kan tí mo yọ yẹn, àmàlà ló fà á, màá ṣàlàyé. Ẹ jọ̀ọ́ kì í ṣe fúláàsì omi gbígbóná tí àwọn ìyá wa máa ń gbé sórí tábìlì ní pálọ̀ ni mò ń sọ o, èyí tí wọ́n ya òdòdó sí lára tó jẹ́ pé bó bá ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé báyìí, dígí inú ẹ̀ ti rún wómúwómú nìyẹn. Èyí tí mò ń sọ, irin tí kì í dípẹtà ni tinú tòde, ẹnu ẹ̀ fẹ̀ débi tí ṣíbí ìbọbẹ̀ á wọlé á jáde, ó gba lítà kan, ìdérí méjì ló ní, tinú tí wọ́n ń yí pa àti tòde tó ṣeé fi ṣe abọ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí, Ìbàdàn níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá wà ní náìtì, aago méje alẹ́ ni mo ti máa ń kúrò nílé, n ò dẹ̀ ní ráyè fẹnu kan nǹkan kan títí di bí aago kan, aago méjì òru, tí wọ́ọ̀dù bá rọlẹ̀ díẹ̀. Ta ló ń ta oúnjẹ lásìkò yẹn? Bísíkíìtì àti mínírà nìkan lẹ máa rí. Makirowéfù wà níbi tá a ti ń sinmi lóòótọ́, àmọ́ iná NEPA ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ẹnikẹ́ni ò dẹ̀ ní tan jẹnẹrétọ̀ torí ká lè gbé ìrẹsì gbóná. Ọkọ mi ló ní ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn mọ́jú ò gbọdọ̀ máa jẹ oúnjẹ tútù. Mo rò pé wọ́n kàn sọ ọ́ ni. Àfi bí mo ṣe jí lójú oorun ọ̀sán tí mo gbóòórùn alùbọ́sà tó ń dín nínú epo, tí mo lọ wo kíṣìnnì, tí mo bá wọn níbẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti bẹ ata.

Tísà Físíìsì ni wọ́n ní sẹ́kọ́ńdírì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ti mọ irú èèyàn tí mo ní nìyẹn, wọn kì í náwó sí nǹkan tí wọn ò tíì yẹ̀ wò. Kúlà onírọ́bà la kọ́kọ́ ń lò, èyí tó ní fóòmù láàárín, ó ń gbìyànjú ṣá, àmọ́ kó tó di aago kan òru, ọbẹ̀ ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọ̀rá ti dì lójú ẹ̀. Ní wọ́n bá sọ pé fúláàsì oúnjẹ la máa rà.

Bí wọ́n ṣe rà á gan-an lẹ máa gbọ́ torí ó máa ṣe yín láǹfààní. Wọ́n sè omi, wọ́n rọ ọ́ sínú fúláàsì àtijọ́ tó wà nílé, wọ́n gbé e dání lọ sí Dùgbẹ̀. Ẹni tó ń tà á pòṣé nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ dá omi gbígbóná sínú ọjà ẹ̀ kí àwọn tó sanwó, àmọ́ ó gbà nígbẹ̀yìn. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ da omi tó ń hó sínú ẹ̀, ẹ dé e pa, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ gbá gbogbo ara ẹ̀ lóde mú láti ìsàlẹ̀ dókè. Tó bá tutù, ó dáa. Tó bá ń gbóná, afẹ́fẹ́ ti wọ àárín ẹ̀, ìkòkò lásán lẹ fẹ́ rà yẹn. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún wọn gbóná, pẹ̀lú gbogbo bó ṣe ń dán yanranyanran.

Mo mọ ìdí tí fúláàsì fi ń mú ooru dání ju bó ṣe yẹ kí nọ́ọ̀sì mọ̀ lọ, torí bí ọkọ mi bá ti ń rokà báyìí ni wọ́n ń ṣe lẹ́sìnnì. Irin méjì ni wọ́n ki bọnú ara wọn, wọ́n wá fa afẹ́fẹ́ àárín wọn jáde pátápátá, ooru tó fẹ́ jáde ò wá rí nǹkan kan tí á gbà kọjá, ẹnu ìdérí nìkan ló kù fún un. Ọmọ Scotland kan tó ń jẹ́ James Dewar ló ṣe é ní London lọ́dún 1892, kì í ṣe torí oúnjẹ rárá o, gáàsì tí wọ́n sọ di omi, tó tutù ju yìnyín lọ, ló ń wá nǹkan kó sí kó má baà gbẹ dànù. Kò gbàwé àṣẹ lórí ẹ̀ pé òun ló ni ín. Àwọn ará Jámánì kan wá dá iléeṣẹ́ Thermos sílẹ̀ lọ́dún 1904, wọ́n ń tà á, Dewar gbé wọn lọ sí kóòtù, ó pàdánù. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dun ọkọ mi bí ẹni pé àbúrò wọn ni wọ́n rẹ́ jẹ, wọ́n á dúró tọmọorógùn tọmọorógùn.

Ó yá, ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Èyí tí fúláàsì yìí gbà jù ni ìkọ́kọrẹ́, ó dùn mí láti sọ ọ́ torí ọmọ Ìbàdàn ni mí, mi ò mọ ìkọ́kọrẹ́ jẹ dàgbà. Dádì àwọn ọmọ á bẹ ewùrà, wọ́n á rin ín lórí gírétà, wọn ò ní pò ó mọ́ iyọ̀ jù, wọ́n á máa fọwọ́ já a díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀ tó ti ń hó, epo pupa, ata, pànlà, edé, ẹja gbígbẹ tí wọ́n ti yọ eegun ẹ̀. Wọ́n á dín iná kù, wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ro ó títí kóró ẹ̀ á fi dì. Ìkọ́kọrẹ́ ki, ó tún lómi lára, ìyẹn ló jẹ́ kí ooru pẹ́ nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá bù ú sínú fúláàsì láago mẹ́fà ààbọ̀ alẹ́, tí mo bá ṣí i láago kan òru, èéfín á kọ́kọ́ bò mí lójú, màá fẹ́ ẹ kí n tó lè fi sẹ́nu. Òórùn ẹja yẹn á dé ìsàlẹ̀ kọ́rídọ̀, àwọn tó jẹ́ pé wọ́n ń sùn tẹ́lẹ̀ á jí.

Àmàlà wá ńkọ́? Ẹ̀yin ará, àmàlà ti mú mi sọkún sínú fúláàsì yìí. Ooru tó ń jáde lára ẹ̀ ò ríbi lọ, ó máa ń di omi sábẹ́ ìdérí, á wá máa kán padà sórí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi máa ṣí i, àmàlà ti làágùn, òkè ẹ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, ìsàlẹ̀ ẹ̀ le. Ó gbóná o, mi ò purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ kì í ṣe àmàlà mọ́. Wọ́n kọ́kọ́ ní ká fi nálọ́ọ̀nù wé e, mo ní rárá, mi ò fẹ́ oúnjẹ tó ń hó nínú nálọ́ọ̀nù. Wọ́n wá lọ ra ewé eéran ní Bódìjà, wọ́n fi wé e ní kóńkó kóńkó, ìyẹn sàn gan torí ewé máa ń gba omi yẹn dúró, òórùn ewé dẹ̀ tún dùn, síbẹ̀ mi ò lè pè é ní àmàlà orí iná. Ẹ̀bà ṣe díẹ̀ ju àmàlà lọ. Iyán, ẹ má wulẹ̀ dán an wò.

Ohun tó wá ṣe mí ní háà ni pé ọmọ Ìjẹ̀bú yìí lọ kọ́ gbẹ̀gìrì torí tèmi. Màámi ni wọ́n ń pè lórí WhatsApp, "Ẹ ẹ̀ bínú Mà, ẹ̀wà yẹn, ṣé a máa bó o tán pátápátá ni àbí a lè fi èèpo ẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀?" Màámi á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àna mi, ẹ bó gbogbo ẹ̀ tán. Wọ́n á bó o, wọ́n á sè é títí á fi yọ́, wọ́n á fi ìjábẹ̀ lù ú, wọ́n á sẹ́ ẹ kó má baà ní kóró, epo díẹ̀, ata, irú. Ewédú náà, wọ́n ti mọ ìwọ̀n kaun tó yẹ kí wọ́n fi sí i. Gbẹ̀gìrì yìí dúró dáadáa nínú fúláàsì, ó kàn máa ń ki sí i ni, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e lọ, ẹ jẹ́ kó ṣàn díẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ nílé lọ. Àmàlà fúnra ẹ̀ la sún sí Sátidé tí wọn ò lọ síléèwé, tí mo bá ti ń bọ̀ láti náìtì tí mo pè wọ́n pé mo ti wọ mọ́tò, wọ́n á gbé omi kaná.

Àwọn yòókù, kí n sáré sọ ọ́. Ọ̀gì dáa gan, ẹ jẹ́ kó ṣàn. Mọ́ínmọ́ín eléwé dáa, ẹ̀wà rírò dáa, àsáró dáa. Ìrẹsì, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó ṣì le díẹ̀, torí ó ṣì ń jinná lọ nínú ibẹ̀ ni. Dòdò àti àkàrà, rárá, gbogbo nǹkan tó yẹ kó gbẹ lára máa rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀.

Ọkọ mi kì í ṣe irú àwọn tó ń pe ìyàwó wọn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ orúkọ dídùn lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí mi lóru tó yẹ kí wọ́n ti sùn, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé ó ṣì gbóná?" Ó tán. Tí mo bá ní ó gbóná, wọ́n á sùn. Alẹ́ ọjọ́ kan wà tí a pàdánù aláìsàn kan, ọmọdébìnrin, mi ò sọ fún wọn, mi ò lè jẹun, mo kàn ṣí fúláàsì torí kí n lè dá wọn lóhùn ni, ọ̀gì ló wà níbẹ̀, wọ́n ti fi mílíìkì sí i bí mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀, mo mu díẹ̀, mo rí i pé mo mu ún tán. Mo dá wọn lóhùn pé ó gbóná.

Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ti sọ tiwọn tán. Òmíràn á ní kí lo fún ọkọ ẹ jẹ. Mátírọ̀nù wa ní ọkọ tàwọn ò mọ ibi tí a ń gbé iyọ̀ sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ara wọn. Èmi ò bá wọn jiyàn, mò ń jẹun mi.

Ó ní àlébù o. Èkíní, rọ́bà tó wà lábẹ́ ìdérí máa ń gba òórùn, irú ló burú jù, tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀fọ́ rírò oní-irú lónìí, ọ̀gì ọ̀la á máa rùn irú. Ẹ yọ rọ́bà yẹn jáde, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná àti baking soda mọ́jú, ẹ wá sá a kó gbẹ kẹ́ ẹ tó dá a padà. Ìdérí náà máa ń le koko nígbà míì tí oúnjẹ inú ẹ̀ bá ti ń tutù, torí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ti sún kì, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó wà lórí ẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọlé, ẹ má fi ọ̀bẹ gbá a. Ẹ má jẹ́ kó ṣubú sórí símẹ́ńtì o, kò ní fọ́, àmọ́ tó bá tẹ̀ wọnú dáadáa, àárín ẹ̀ lè là, ooru ò ní dúró mọ́. Ó wúwo. Owó ẹ̀ dẹ̀ ju ti kúlà lọ fíìfíì.

Ní ti iṣẹ́ mi, mo gbọ́dọ̀ sọ èyí: fúláàsì kì í gbé oúnjẹ gbóná, ohun tẹ́ ẹ bá fi sí i ló ń tọ́jú. Ẹ kọ́kọ́ da omi tó ń hó sínú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ wá bu oúnjẹ tó ṣì ń hó sínú ẹ̀, kó kún dé ọrùn, torí àlàfo tó bá ṣẹ́ kù lókè ló ń jẹ ooru. Oúnjẹ tí ooru ẹ̀ ò bá ti tó 60 dígírì mọ́, kòkòrò àìfojúrí ti ń ráyè bísí i níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣí i tí kò bá yọ èéfín mọ́, tẹ́ ẹ ò mọ ìgbà tó ti wà bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má dẹ̀ gbé èyí tó ṣẹ́ kù padà sílé fọ́mọ. Ọkọ mi fẹ́ gbé tẹmọ́mítà láàbù wá sílé wá wọ̀n ọ́n, mo ní mẹ́kúrì ò gbọdọ̀ dé ibi ìkọ́kọrẹ́ mi.

Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó wá èyí tí wọ́n ń ta rọ́bà ẹ̀ lọ́tọ̀, torí rọ́bà ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́, tìwa ti ń là díẹ̀ létí, a ṣì ń wá èyí tó máa bá a mu. Wọ́n tún ti ní àwọn fẹ́ lọ ra kékeré kan mọ́ ọn, ìlàjì lítà, fún gbẹ̀gìrì nìkan, wọ́n ní kí n sọ fún Màámi.