Koríko tàbí igi lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti wa èédú tán?

Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1977, awakùsà gbọ́dọ̀ fi owó ìdógò sílẹ̀. Bó bá dí kòtò náà padà, ó lè gba tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà padà; ìyókù ń dúró de ewéko.

Ní àwọn òkè Appalachia ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, koríko ló máa ń yá jù. Katapílà á tẹ ilẹ̀ títí á fi le gbagidi, wọ́n á fún irúgbìn sí i, gbogbo rẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀ lójú alábẹ̀wò. Àmọ́ gún ọ̀bẹ sí i wò: kò wọlé. Gbòǹgbò igi oak wá ńkọ́?

Ẹni tó fẹ́ igbó kò ní tẹ erùpẹ̀ tó wà lójú ilẹ̀ pa, ó kéré tán mítà kan lé díẹ̀ sísàlẹ̀, á sì dín koríko kù. Ojú ilẹ̀ á kọ́kọ́ rí játijàti. Igi lèmi á mú ṣá.