Ìkìlọ̀: ẹ má ra ẹ́ńjìnnì Halifax lọ́wọ́ oníjìbìtì tó lù mí yìí

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń to ọkọ̀ òfurufú kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì £54 lórí ẹ́ńjìnnì kékeré fún Halifax, ọkọ̀ òfurufú ajubọ́ǹbù ti Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, inú ṣì ń bí mi bíi pé àná ni. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, torí ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, ó yẹ kí n ti gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ìyàwó mi ló ra kíìtì (páálí ẹ̀yà tí a máa ń tò) Halifax Mk II, ìyẹn irú kejì rẹ̀, fún mi, ìwọ̀n 1/72: ọkọ̀ gidi gùn jù ú lọ ní ìlọ́po 72. Mo ní mi ò ní tò ó bẹ́ẹ̀, Mk III, irú kẹta, ni màá sọ ọ́ dà, nítorí Akin Shenbanjo. Ọmọ Nàìjíríà ni, ó wà nínú 76 Squadron, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbéra láti Holme-on-Spalding Moor ní Yorkshire nígbà ogun. Àwọn tí wọ́n jọ ń fò kọ "Achtung! The Black Prince" ("Ẹ ṣọ́ra! Ọmọ Aládé Dúdú") sára Halifax wọn nítorí tiẹ̀. Mo ti ṣèlérí fún ọmọ mi ọkùnrin pé a máa kọ ọ́ sára tiwa náà.

Ẹni tó bá mọ Halifax mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀dà lásán. Ẹ́ńjìnnì Merlin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fi omi tutù ló wà lára Mk II. Ti Mk III, Hercules ti Bristol ni, sílíńdà 14 tó tò yípo ní ìlà méjì, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Apá ìrù tó dúró lóòró náà yí padà: onígun mẹ́ta ni ti ìbẹ̀rẹ̀, rọ́dà rẹ̀ (pátákó tó ń yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì) a sì máa há mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan lójú òfurufú, ó ti pa àwọn awakọ̀. Wọ́n wá sọ ọ́ di onígun mẹ́rin tó fẹ̀, òun ni gbogbo Mk III sì ń lò. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin àti ìrù méjì ni mo ń wá.

Ọkùnrin tó lù mí yìí ní òun ní gbogbo ẹ̀, rẹ́sìnì tó dán (oje kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sínú mọ́ọ̀dù kó lè le). Fọ́tò tó gbé síta dára gan-an ni! Mo bi í ní ìbéèrè mẹ́fà, ó dáhùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó mọ iye sílíńdà, ó mọ ọ̀rọ̀ ìrù. Ta ni ò ní gbà á gbọ́? Ó wá ní kí n fi owó náà ránṣẹ́ bí ẹni ń ránṣẹ́ sí ẹbí, kí wọ́n má baà yọ owó iṣẹ́ lára ẹ̀. Mo ṣe é. Èmi ni mo ṣe é, mi ò lè purọ́.

Nígbà tí ẹrù náà dé, inú lẹ́ílọ́ọ̀nù ni, kò sí páálí, kò sí ìwé ìtọ́ni. Mo mú kálípà, irin tí a fi ń wọn nǹkan. Hercules gidi fẹ̀ ní ínǹṣì 52. Tí ẹ bá pín in sí ọ̀nà 72, ó ju mìlímítà 18 lọ díẹ̀. Ti ọwọ́ mi: ọ̀kan 17.6, ìkejì 17.3, àwọn méjì tó kù ò tilẹ̀ rí róbótó. Mo fi èékánná ti etí ìbòrí ẹ́ńjìnnì ọ̀kan, ó rún sọ́wọ́ mi. Ihò afẹ́fẹ́ ló kún inú ẹ̀ bíi inú àkàrà. Mo yí ìdí rẹ́sìnì náà sójú iná, mo rí ibi tí ẹnìkan ti fi fáìlì ha orúkọ ẹni tó ṣe é kúrò, lẹ́tà méjì ṣì hàn fírífírí. Iṣẹ́ ẹlòmíràn ló jí, ó fi da mọ́ọ̀dù tiẹ̀, bóyá ẹ̀dà orí ẹ̀dà ni, torí rẹ́sìnì a máa sún kì nígbàkigbà tí wọ́n bá tún un dà. Olè! Ó ja ẹni tó ṣe é lólè, ó tún ja èmi náà.

Ìrù ńkọ́? Onígun mẹ́ta ni! Èyí tó wà nínú kíìtì mi tẹ́lẹ̀! Lẹ́yìn ìbéèrè mẹ́fà!

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé mo ti fi ayùn gé Merlin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò lára ìyẹ́ kí ẹrù tó dé. Ẹ má bú mi, ẹni tó ti sanwó tán kò lẹ́bi tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n dúró. Mo mọ̀.

Mo kọ̀wé sí i. Ó ní bí rẹ́sìnì ṣe máa ń rí nìyẹn. Mo fi fọ́tò ìrù ránṣẹ́, ló bá tì mí pa, mi ò lè rí ojú ìwé ẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo àwọn tó ń tajà ló dàbí gbájúẹ̀ lójú mi, àní àwọn tí mo ti ń rajà lọ́wọ́ wọn tipẹ́.

Ẹ ní kí ẹni tó ń tajà ya fọ́tò ọjà náà pẹ̀lú kálípà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ má sanwó bíi ti ẹbí láé. Ẹ má gé ohunkóhun kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá sì máa fi ayùn gé rẹ́sìnì, ẹ fi omi sí i, ẹ bo imú, eruku ẹ̀ ò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ìyẹ́ oníhò mẹ́rin ló wà lórí tábìlì mi báyìí. Tí ẹnikẹ́ni bá ní ìbòrí Hercules onípílásítíìkì tó ṣẹ́kù látinú kíìtì Mk III, kó kàn sí mi. Màá wá síbi tí ẹ wà, màá wọ̀n ọ́n lójú yín, kí n tó mú owó jáde.