Ìkìlọ̀ o! Òwú ìránṣọ ni wọ́n ń lẹ sítíkà mọ́ tí wọ́n ń tà fún wa bí òwú bọ́bìnì n'Íbàdàn

Ẹ̀yin oní-mọ́nógíráàmù Ìbàdàn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé máṣìn kékeré sílé tẹ́ ẹ ń fi ṣe fìlà, agbádá, báàjì ilé ìwé, aṣọ kúáyà, ẹ dákun ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni nítorí òwú bọ́bìnì, ìyẹn òwú ìsàlẹ̀ tá a máa ń ká sí bọ́bìnì lábẹ́ máṣìn. Bọ̀dá kan wà tó ń pàtẹ lórí WhatsApp, á ní òun ní ṣọ́ọ̀bù nígboro, lónìí á ní Ògùnpa, lọ́la á ní Dùgbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ní kó júwe ibẹ̀ á ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó kúrò níbẹ̀ ni, àǹtí mi ẹ kàn sanwó, ọlọ́kadà á gbé e wá bá yín. Òwú ìránṣọ lásán ló ń tà fún wa lórúkọ òwú bọ́bìnì. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ síbí torí kò ní ṣe yín láǹfààní kankan, orúkọ tó fi tajà fún mi yàtọ̀ sí orúkọ tó wà lára àkáǹtì tí mo sanwó sí, èyí tó fi ta fún ọ̀rẹ́ mi tó wà l'Ọ́jọ́ọ̀ tún yàtọ̀ pátápátá, nọ́ńbà fóònù náà sì ti yí padà. Ọjà ẹ̀ ni kẹ́ ẹ dá mọ̀.

Bó ṣe rí nìyí. Kóònù ni, funfun tàbí dúdú, wọ́n fi ọ̀rá tó ń dán wé e gírígírí bí ẹni pé iléeṣẹ́ ló ti wá tààrà, sítíkà búlúù kan wà lórí ẹ̀, wọ́n kọ 60 wt sí i, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí òwú ṣe tín-ín-rín tó, wọ́n kọ filament polyester sí i, ìyẹn polyester tí irun ẹ̀ gùn láìjá, wọ́n kọ 5000 m sí i. Ẹ wo sítíkà yẹn dáadáa, kò sórúkọ iléeṣẹ́ kankan níbẹ̀, kò sórúkọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi yìí ló kọ́kọ́ fura, ó rẹ orí kóònù tiẹ̀ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, sítíkà búlúù bó, òmíràn ló wà lábẹ́ ẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sí tabẹ́ yẹn ni 40/2, 5000 yards. Háà! Òwú tí gbogbo tẹ́lọ̀ ń rà lọ́jà láti fi rán ṣòkòtò àti búláòsì ni o, a wá ń ra òun kan náà lówó gọbọi torí sítíkà.

Ẹni tí ò bá sí nínú iṣẹ́ yìí lè ní kí ló wá burú ńbẹ̀, ṣebí òwú lòwú ń jẹ́. Rárá o. Òwú ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ tín-ín-rín ju tòkè lọ, ìdí tí iṣẹ́ fi ń jókòó dáadáa nìyẹn, torí òwú òkè ló yẹ kó rí àyè yí wọ ẹ̀yìn aṣọ díẹ̀, kí tìsàlẹ̀ kàn máa dì í mú láì fara hàn. Òwú òkè tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, ì báà jẹ́ rayon ì báà jẹ́ polyester, 40 wt ni. Tìsàlẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ 60 wt, àwọn máṣìn kan wà tó fẹ́ 90 wt, ìwé tó bá máṣìn yín wá ló máa sọ èyí tó jẹ́ tiẹ̀, kì í ṣe ọlọ́jà. Nọ́ńbà yìí, bó bá ṣe ń ga sí i ni òwú ṣe ń tín-ín-rín sí i, ó máa ń dà bí ẹni pé wọ́n kọ ọ́ sódì, ṣùgbọ́n ó nítumọ̀: iye kìlómítà òwú tó máa wà nínú kílò kan ni. 40 wt, kìlómítà 40 ló wà nínú kílò kan. 60 wt, kìlómítà 60. Òwú tó gùn tó báyẹn tó tún jẹ́ kílò kan péré, ó ti gbọ́dọ̀ tín-ín-rín nìyẹn.

Ibi tí bọ̀dá yìí ti wá ń rí wa mú ni 40/2 àti 60/2 tí wọ́n ń kọ sára òwú ìránṣọ. Ìṣirò tìyẹn yàtọ̀, ìṣirò òwú kọ́tìnì àtijọ́ ni, 2 tó wà lẹ́yìn ẹ̀ sì ń sọ pé fọ́nrán méjì ni wọ́n lọ́ pọ̀. Òwú 40/2 nípọn díẹ̀ ju òwú òkè 40 wt tẹ́ ẹ fi ń ya òdòdó sára agbádá lọ pàápàá! Ẹ̀yin ẹ wò ó, a wá gbé èyí tó nípọn sísàlẹ̀, tín-ín-rín wá wà lókè. Tẹ́ ẹ bá bi í ní ìbéèrè, á ní ṣebí 60 lẹ ní ẹ fẹ́, 60 náà nìyí, a ò rí i kẹ́ ẹ máa da ara yín láàmú. Ó ti dá mi lóhùn báyẹn rí.

Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ bá lò ó? Òwú funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lókè lára fìlà dúdú, etí lẹ́tà á máa rí wúruwùru, ibi tí iṣẹ́ bá ti pọ̀ á le bíi páálí, kọ́sítọ́mà á gbé agbádá wọ̀ kò ní tẹ̀ láyà. Òwú tó nípọn ò tún ní gùn tó nínú bọ́bìnì, ẹ ti ká a kún, ẹ fi ọkàn balẹ̀, jẹ́nẹ́rétọ̀ ń mu epo, kó wá tán lágbedeméjì orúkọ ìyàwó. Bẹ́ẹ̀ náà ló tún ń tú èéfún, ìyẹn irun òwú kéékèèké, ẹ ṣí abẹ́ máṣìn yín lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kan kẹ́ ẹ wo bó ṣe rí, gbogbo ẹ̀ ti di funfun, èéfún yẹn á lọ há sábẹ́ ìrin pẹlẹbẹ tó ń tẹ òwú nínú ilé bọ́bìnì, tẹ́ńṣàn, ìyẹn bí máṣìn ṣe ń fa òwú le tó, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, òwú á lọ́ jọ lábẹ́ aṣọ, abẹ́rẹ́ á ṣẹ́.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Tẹ́ ẹ bá pè é pé iṣẹ́ ò lọ, kò ní jiyàn, kò ní bínú, ohùn jẹ́jẹ́ ló máa fi sọ fún yín pé máṣìn yín ló fẹ́ sáfíìsì, pé òun mọ ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n ṣe. Á fún yín ní nọ́ńbà. Ẹni yẹn á wá, á tú máṣìn palẹ̀, á yí skúrù tí iléeṣẹ́ ti tò sílẹ̀, á gbowó, á lọ. Mi ò sọ pé wọ́n jọ ń ṣe é o, mi ò lẹ́rìí, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Èyí tí mo mọ̀ ni pé obìnrin kan ládùúgbò wa ti sanwó àtúnṣe lórí máṣìn Brother ẹ̀ tí kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é, ìgbà tó fi òwú bọ́bìnì gidi sí i ni iṣẹ́ wálẹ̀, àmọ́ wọ́n ti yí skúrù ẹ̀ dànù nígbà yẹn, ó tún níláti wá ẹlòmíì tó máa bá a tò ó padà. Nítorí náà tí iṣẹ́ bá ṣàdédé bàjẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ra òwú tuntun, òwú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ, ẹ fi ti tẹ́lẹ̀ sí i, ẹ ṣe lẹ́tà I ńlá kan lórí àkísà kẹ́ ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Tó bá dáa, òwú ìsàlẹ̀ á gba ìdá kan nínú mẹ́ta láàrin gbùngbùn, òwú òkè á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Tó bá ti rí báyẹn, kò sóhun tó ń ṣe máṣìn yín, ẹ má pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ n sọ bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ já òwú òkè yín díẹ̀ dání lọ sọ́jà, ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú bọ́bìnì tí wọ́n fẹ́ tà fún yín lórí aṣọ dúdú, kẹ́ ẹ wò ó níta nínú oòrùn, tí tìsàlẹ̀ ò bá hàn pé ó tín-ín-rín ju tòkè lọ, ẹ dìde. Èyí nìkan ti tó ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Tí wọ́n bá wá kọ filament sí i lára, ẹ gé e bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹ tú lílọ́ ẹ̀ sódì títí fọ́nrán ẹ̀ fi pínyà, ẹ mú ọ̀kan kẹ́ ẹ rọra fà á. Fílámẹ́ńtì gidi ò ní já bọ̀rọ̀, torí irun ẹ̀ gùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èyí tí wọ́n fi irun kéékèèké ran á kàn yọ́ kúrò lọ́wọ́ yín wẹ́rẹ́, á tún hu irun. Mi ò sọ pé òwú bọ́bìnì tí wọ́n ran báyẹn ò sí o, ó wà, òmíì dáa, ṣùgbọ́n tín-ín-rín ni wọ́n máa ń ṣe é, wọn ò sì ní purọ́ fílámẹ́ńtì sí i lára.

Àwọn kan ń sọ pé ká fi iná sun ún. Kò lè ràn wá lọ́wọ́ níbí yìí. Iná á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ kọ́tìnì tàbí rayon, torí ìyẹn máa ń jó bíi bébà tá á sì di eérú, polyester sì máa ń yọ́ di kóró líle, ṣùgbọ́n òwú ìránṣọ tí bọ̀dá yìí ń tà, polyester lòun náà, bó bá jó á yọ́ bíi ti gidi.

Sìkéèlì ló tún lè tú u fó. Ẹni tó bá ní àwọn tó ń ṣe kéèkì ládùúgbò, ẹ yá tiwọn. Òwú 60 wt tó gùn tó mítà 5000, nǹkan bíi gíráàmù 83 ló yẹ kó jẹ́, láì ka kóònù mọ́ ọn. 40/2 tó bá gùn tó báyẹn á sún mọ́ gíráàmù 150. Ẹ wọn odindi, ẹ wá kóònù òfìfo tó jọ ọ́, ẹ yọ ìwọ̀n tiẹ̀ kúrò. Tó bá wúwo gan-an, òwú tó nípọn ni wọ́n kó fún yín. Tí ìwọ̀n ẹ̀ bá wá tó gẹ́lẹ́, síbẹ̀ tójú yín rí i pé ó nípọn, a jẹ́ pé wọ́n ti jẹ yín lójú mítà, kò lè gùn tó ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ láéláé. Èyí tí mo rà, irọ́ méjèèjì ló wà nínú ẹ̀.

Bọ́bìnì tí wọ́n ti ká òwú sí tán náà ń kọ́? Ó ń ta ìyẹn náà, nínú ike tó mọ́lẹ̀ kedere tó wuyì lójú. Ọ̀pọ̀ máṣìn ilé tí Brother ṣe, bọ́bìnì tó ga tó mílímítà 11.5 ni wọ́n ń lò, tí wọ́n ń pè ní class 15. Èyí tí bọ̀dá yìí ń kó fúnni ni L, tàwọn máṣìn ńlá olórí púpọ̀, fífẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìdí nìyẹn tó fi máa ń wọlé tẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á fi rò pé òun ló bá a mu, ṣùgbọ́n gíga ẹ̀ ò tó mílímítà 9, á máa mì gọ́lọ́gọ́lọ́ nínú ilé ẹ̀, tẹ́ńṣàn ò ní dúró. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ẹ sì fi èékánná tẹ òwú tó wà nínú ẹ̀, tó bá ń rọ̀ tó ń wọnú, wọn ò ká a le dáadáa, ẹ dá a padà.

Lórí owó. Ẹ má sanwó tán kí ọjà tó dé, kódà kó ní ẹ̀dínwó máa parí lálẹ́ òní. Ẹ kọ ọ́ fún ọlọ́jà sórí WhatsApp, ẹ má pè é lórí fóònù nìkan, pé òwú bọ́bìnì 60 wt ni mo fẹ́ fún máṣìn mọ́nógíráàmù mi, ẹ kọ irú máṣìn náà sí i, kẹ́ ẹ dúró kó dáhùn. Òfin tí wọ́n fi dá FCCPC sílẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, òfin ọdún 2018, fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà padà ká gba owó wa pé pérépéré, tá a bá ti jẹ́ kí ọlọ́jà mọ ohun pàtó tá a fẹ́ fi ṣe tí ọjà náà ò sì wúlò fún un, ká má ṣáà ti jẹ́ kó pẹ́ jù. Torí náà ọ̀rọ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá yẹn, pé ẹni tó bá ti tú u ò lè dá a padà mọ́, kó má dẹ́rù bà yín. Ẹ ya fọ́tò sítíkà òkè, ẹ ya tabẹ́, ẹ tọ́jú ẹ̀rí owó tẹ́ ẹ san, ẹ fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí báńkì yín àti sí FCCPC. Èmi ti fi tèmi ránṣẹ́.

Ẹni tó bá ti ra òwú yìí tówó ò tíì padà wá, ẹ má sọ ọ́ nù o. Ẹ kọ 40/2 gàdàgbà sára kóònù kí ọmọ iṣẹ́ yín má baà tún ká a sí bọ́bìnì mọ́nógíráàmù, kẹ́ ẹ wá gbé e fún máṣìn tẹ́ ẹ fi ń rán ṣòkòtò. Níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.