Àkójọ ìtàn àròsọ Amẹ́ríkà ₦2,500 lọ́jà Garki: ẹ ṣí i wò kí ẹ tó sanwó

Àwọn tó ń ta ìwé àlòkù lọ́jà Garki, l'Abuja, ní ìwé pẹlẹbẹ kan tó kó ìtàn àròsọ Amẹ́ríkà àtijọ́ jọ. ₦2,500 ni. Owó náà kò pọ̀, àmọ́ ẹni tó ṣe ìwé náà ti gé àwọn ìtàn kúrú, ibi tí ẹ̀rín wà gan-an ló sì gé.

Ẹ wo Della nínú The Gift of the Magi tí O. Henry kọ. Dọ́là 1.87 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, owó tó fi ojútì ná ọjà lọ́wọ́ alápatà kó tó ṣẹ́ ẹ jọ ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀. Ó ta irun orí rẹ̀ ní dọ́là 20, ó fi 21 ra ṣéènì aago fún ọkọ rẹ̀, ó ku sẹ́ǹtì 87. Ọkọ ti ta aago, ó fi ra kóòmù fún irun tí kò sí mọ́. Ìwé yìí tẹ 1.87 ní 187! Àmì bíńtín ló já bọ́, ìtàn sì wó: ẹni tó ní dọ́là 187, kí ló ń ta irun sí?

Ti àkèré Mark Twain (1865) ló burú jù. Simon Wheeler, bàbá arúgbó kan nínú ìtàn náà, ló ń sọ ọ́. Ó há àlejò mọ́ kọ̀rọ̀, ó fi àga dí i lọ́nà, kò rẹ́rìn-ín, kò fajú ro, ohùn kan náà ló ń fà lọ. Ibẹ̀ ni àwàdà wà. Wọ́n yọ Wheeler, wọ́n fò sórí tẹ́tẹ́ dọ́là 40 pé àkèré tí wọ́n ti kọ́ ní fífò á fò ju òmíràn lọ: àjèjì rọ ọta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń yin àparò sí àkèré lẹ́nu, àkèré kò lè fò mọ́. Ó tán. Àlọ́ tí kò ní apàlọ́, ta ni a ó máa gbè fún?

The Ransom of Red Chief, ti O. Henry náà, nìkan ni wọn ò fọwọ́ kàn. Gbọ́mọgbọ́mọ bèèrè dọ́là 1,500. Baba ọmọ ní kí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ mú 250 wá kí òun tó gbà á padà. Ọmọ náà ti yọ wọ́n lẹ́nu débi pé wọ́n san án. (Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Kàdúná á kọ́kọ́ fajú ro ná.)

Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ẹ̀yìn ìwé, wọn ò rán an. Tí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, á sán, ojú ìwé á máa já láti àárín. Kí ẹ ní kí àwọn tó ń di ìwé lu ihò mẹ́ta sí etí rẹ̀, kí wọ́n fi òwú rán an.

Odindi ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Project Gutenberg, ibi ìkàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ tọjà, ojú ìwé Della ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Tí ẹ bá rí 187, ẹ dá a padà sórí tábìlì.