Arrow of God: ìtàn àwòrò tí kò mọ ohùn òrìṣà yàtọ̀ sí ohùn inú ara rẹ̀

Wọ́n máa ń kọ́ ọmọ ilé ìwé pé ìjà ẹ̀sìn ìbílẹ̀ àti ẹ̀sìn òyìnbó ni Chinua Achebe kọ sínú Arrow of God. Èmi ò gbà. Òyìnbó ò tíì yọjú rárá tí iyèméjì ti wọlé. Ní orí kìíní, Ezeulu, àwòrò Ulu ní ìlú Umuaro, ń wo ojú ọ̀run bóyá oṣù titun ti lé, ó sì ń rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ bóyá òótọ́ ni agbára tí wọ́n ní òun ní yìí. Òun ló ń kéde ọjọ́ ọdún iṣu titun, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń yàn án. Achebe fi agbára rẹ̀ wé ti ọmọdé lórí ewúrẹ́ tí wọ́n ní tirẹ̀ ni: òun ni yóò máa wá oúnjẹ fún un, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá pa á ni yóò mọ ẹni tó ni ín gan-an. Gbogbo ìwé náà ti wà nínú gbólóhùn mélòó kan yẹn.

Ọdún 1964 ló kọ́kọ́ jáde. Achebe tún un ṣe ní 1974, ó sì sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé nínú àwọn ìwé òun, èyí ni wọ́n lè ká òun mọ́ ibi tí òun ti ń tún un kà. Ilẹ̀ Ìgbò láàárín àwọn ọdún 1920 ni ìtàn náà ti wáyé. Ajẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ Winterbottom fẹ́ fi Ezeulu jẹ olóyè ìjọba. Ezeulu ní òun ò ní jẹ olóyè fún ẹnikẹ́ni àyàfi Ulu. Wọ́n tì í mọ́lé ní Okperi fún ọjọ́ 32.

Ibí ni ọgbọ́n ìwé náà ti dùn jù. Iṣu mímọ́ ni àwòrò fi ń ka oṣù: bí oṣù titun bá ti lé, á lu agogo, á sun iṣu kan jẹ. Ìgbà tí àwọn iṣu náà bá fẹ́ẹ́ tán ló tó ń kéde ọdún iṣu titun, kí ìlú tó lè wa iṣu oko wọn. Oṣù méjì lé nígbà tó wà látìmọ́lé, kò sì jẹ iṣu kankan. Nígbà tó fi máa padà délé, kíka ti iṣu ti yàtọ̀ sí kíka ti ojú ọ̀run. Iṣu oko ń bàjẹ́ nínú ebè, ebi ń pa ìlú, àwọn àgbààgbà wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ àwọn tó ṣẹ́ kù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà lórí àwọn. Ó fárígá. Ṣé òfin òrìṣà ló ń pa mọ́ ni, àbí ó ń gbẹ̀san lára àwọn tó dá a dá òyìnbó? Achebe ò sọ. Ọ̀rọ̀ asọ̀tàn àti ọ̀rọ̀ inú Ezeulu máa ń wọnú ara wọn, tí wàá fi padà sẹ́yìn láti wò ó pé ta ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ ń rọ̀ díẹ̀, Ulu fúnra rẹ̀ jágbe mọ́ ọn: ta ló sọ fún ọ pé ìjà tìrẹ nìyí? Látìgbà náà ló ti ka ara rẹ̀ sí ọfà lásán nínú ọrun òrìṣà. Ẹni tó bá ti gbọ́ "Ẹ̀mí ló ní kí n ṣe é" rí, lẹ́nu ẹni tó ti ń wá bó ṣe máa ṣe é tẹ́lẹ̀, kò ní í ṣàjèjì síbẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ Oduche, tó fi sí ọ̀dọ̀ àwọn onígbàgbọ́ láti máa bá a wo ohun tó ń lọ níbẹ̀, fẹ́ fi hàn pé òun kò bẹ̀rù òjòlá, ejò mímọ́ òrìṣà Idemili. Kò lè fọ́ ọ lórí. Ó mú èyí tó kéré nínú méjì tó wà nílé ìyá rẹ̀, ó tì í sínú àpótí, ó sì tì í pa, pé bí afẹ́fẹ́ bá tán tó bá kú, òun kọ́ ló pa á. Ẹ̀rín pa mí. Ẹni tó ti ṣèrìbọmi tán tó ṣì ń yọ́ òrìṣà ṣe ló wà nínú àpótí yẹn pẹ̀lú òjòlá.

Ẹ ṣọ́ aago ṣọ́ọ̀ṣì náà. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ṣàlàyé fún Ezeulu pé aago náà ń sọ pé kí wọ́n fi iṣu àti kókò wọn sílẹ̀, kí wọ́n máa bọ̀. Ó ní orin ìparun ló ń kọ nígbà náà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ orí, bó ti ń da owó ẹyọ níwájú Ulu, aago yẹn dún, ó sì yà á lẹ́nu pé ó sún mọ́ tòsí tó bẹ́ẹ̀. Achebe ò fi àlàyé kankan tì í. Nígbà tí ebi wá mú gan-an, Goodcountry, olùkọ́ ìjọ, ní kí wọ́n mú iṣu wá sí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, Ulu kò ní lè fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn bàbá rán ọmọ wọn. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ìwé náà wá ní orúkọ ọmọ ni wọ́n fi kórè. Ọmọ ta ni, ti Ọlọ́run àbí tiwọn? Àwa tá a ti ń gbé iṣu lọ sí ìkórè láti kékeré, a mọ méjèèjì.

Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ bó ṣe parí, kó fo ìpínrọ̀ yìí. Lọ́jọ́ tí Winterbottom pàṣẹ pé kí wọ́n mú Ezeulu, ibà dá a gúnlẹ̀. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọwọ́ àwòrò ló wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, Obika, ọmọ Ezeulu, tí ara rẹ̀ ń gbóná, sáré lóru pẹ̀lú eégún, ó sì ṣubú lulẹ̀, ó kú. Bó o bá gbà pé Ulu ló dá Winterbottom dùbúlẹ̀, ta lo máa sọ pé ó pa Obika? Bó o bá ní ibà lásán ni, ibà lásán náà ló ba ayé àwòrò jẹ́. Ezeulu kò rí èyí tó lè mú, orí rẹ̀ sì dàrú.

Àwọn Ìgbò inú ìwé yìí kì í tan ara wọn nípa òrìṣà. Abúlé mẹ́fà ló para pọ̀ ṣe Ulu nígbà tí ogun Abam ń dà wọ́n láàmú, Nwaka, ọlọ́rọ̀ tó ń bá Ezeulu ṣọ̀tá, sì ń rán wọn létí pé àwọn ará Aninta sun tiwọn níná nígbà tí kò gbè wọ́n mọ́. Àwa náà ní òrìṣà, bí o kò lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó: àwọn orí tí Winterbottom àti Clarke, òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ti ń jẹun tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn obìnrin náà ò rọ́rọ̀ sọ tó. Inú ilé Ugoye, ìyá Oduche, ni òjòlá ti jáde, ọmọ rẹ̀ ló tì í mọ́ àpótí, èmi ì bá fẹ́ mọ ohun tí òun gbà gbọ́.

Àlòkù Heinemann tí mo rà lábẹ́ afárá ti ń tú lẹ́yìn, lẹ́tà rẹ̀ kéré, ẹni tó ń lo awò ìkàwé á jìyà. Bẹ́ ẹ bá rí ẹ̀dà titun tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ẹ fowó kún un, ẹ rà á, ẹ má sì kánjú nínú orí mẹ́ta àkọ́kọ́; orúkọ pọ̀ níbẹ̀.