Síńfónì Kẹsàn-án ti Beethoven ní Tanglewood: orí koríko ni àbí abẹ́ òrùlé?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Massachusetts tàbí New York tí ẹ kò tíì dé Tanglewood rí, pápá ńlá tí wọ́n ti ń ṣe eré orin nígbà ooru, ọjọ́ Àìkú tí wọ́n fi ń kásẹ̀ eré ńlá wọn nílẹ̀ ní òpin oṣù kẹjọ ni kí ẹ lọ. Ọjọ́ náà ni Boston Symphony Orchestra, ẹgbẹ́ olórin ńlá ti ìlú Boston, sábà máa ń fi Síńfónì Kẹsàn-án ti Beethoven, orin gígùn alápá mẹ́rin, dágbére fún ìgbà ooru. Owó tí mo san kò dùn mí rárá. Ibi tí èèyàn máa jókòó sí ni ọ̀rọ̀ wà.

Lenox ni Tanglewood wà, ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè Berkshires. Láti 1937 ni ẹgbẹ́ olórin náà ti ń lo ìgbà ooru wọn níbẹ̀. Lọ́dún yẹn gan-an, abẹ́ àgọ́ ni wọ́n ti ń lu orin Wagner tí òjò alárà fi dé, tí orin sì ní láti dúró. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó ilé jọ. Eliel Saarinen ló kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n owó tó wà nílẹ̀ kò gbé e. Saarinen ní bí wọn kò bá ní fi kún owó, àtíbàbà lásán ni wọ́n máa rí kọ́, ìyẹn kò sì nílò ayàwòrán ilé. Joseph Franz, ẹnjiníà ará Stockbridge, ló bá wọn parí iṣẹ́ náà. Ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ 1938 ni wọ́n ṣí i, Síńfónì Kẹsàn-án yìí kan náà ni wọ́n sì lù. “Shed”, ìyẹn àtíbàbà, ni gbogbo èèyàn ṣì ń pe ilé náà dòní. Òrùlé gbàràmù kan ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn sì ń jókòó lábẹ́ rẹ̀. Àwọn yòókù wà lórí koríko.

Orí koríko ni àwa wà. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti abẹ́ òrùlé, wọ́n sì gbà kí èèyàn gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá. A tẹ́ ẹní, a ṣí kúlà, a gbé mọ́ínmọ́ín àti ráìsì síta. Àwọn kan nítòsí wa tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n gbé òdòdó lé e. Ó wù mí láti rí àwọn èèyàn tó bọ̀wọ̀ fún orin tó bẹ́ẹ̀.

Màmá mi, tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn, ni mo torí wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, etí wọn kò sì jẹ́ kí nǹkan kọjá. Ní apá kejì orin náà, tìmpánì, ìlù ńlá méjì, dá wọ àárín àwọn fáyólìn lójijì: ohùn kan náà ni wọ́n fún ìlù méjèèjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Màmá gbé orí sókè. “Ṣé o gbọ́ bí ìlù yẹn ṣe já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu?” Mo gbọ́ ọ. Kò sí èèyàn tí kò gbọ́ ọ lórí pápá náà.

Apá kẹta ni koríko ti ń gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn. Orin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Sípíkà ń gbé e dé ọ̀dọ̀ wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ń rẹ́rìn-ín, abọ́ ń kan abọ́, atẹ́gùn sì ń gbé èyí tó kù lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní apá kẹrin, nígbà tí sẹ́lò àti báàsì ńlá, àwọn ohun èlò olókùn tí ohùn wọn wà nísàlẹ̀, nìkan kọ́kọ́ mú ohùn orin ayọ̀ tí àwọn akọrin máa wá kọ tó bá yá wá, tí wọ́n rọra ń mú un bọ̀. Èmi ń na ọrùn kí n lè gbọ́, Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọ ọ́, torí ohùn náà wà nínú orin ìyìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ fún wọn pé etí Beethoven, ẹni tó ṣe orin náà, ti di nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lù ú ní Vienna ní 1824. Wọn ò dáhùn, wọ́n kàn di ọwọ́ mi mú.

Nígbà tí Tanglewood Festival Chorus, ẹgbẹ́ akọrin tí John Oliver dá sílẹ̀ ní 1970, wá bú sí orin, gbogbo pápá dákẹ́. A mọ̀ wọ́n mọ́ kíkọrin láì wo ìwé, mo sì fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Mo dìde, mo lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ Shed. Níbẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí òrùlé yẹn ń ṣe: ohùn ọgọ́rùn-ún èèyàn ń bà lé èèyàn láyà tààrà, kò gba inú sípíkà kọjá.

Bí ẹ bá ní ọmọ kéékèèké, koríko ni tiyín, ẹ má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá jẹ́ orin náà gan-an lẹ ń wá lọ, ẹ ra ìjókòó abẹ́ òrùlé, ì báà ṣe ti ẹ̀yìn pátápátá. Ẹ tètè kúrò nílé, ọ̀nà Lenox kò fẹ̀. Ẹ mú sẹ́wẹ́tà dání, òkè ni ibẹ̀. Bí Màmá bá tún wá, èmi àtàwọn ni a jọ máa jókòó lábẹ́ Shed, kí bàbá àwọn ọmọ máa ṣọ́ wọn lórí koríko.