Mini M-05 tí mo fọwọ́ ara mi tò: oṣù méje lórí íńtálọ́ọ̀kì Ìgbógbó

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ nìyí bí mo bá gbé rìmóòtù Mini M-05, ọkọ̀ ìṣeré mi, dání lọ́jọ́ Sátidé: "Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ ra tọ́ì yẹn?" Bí mo bá dáhùn, wọ́n á wojú mi, wọ́n á wo ọkọ̀ náà, wọ́n á tún wojú mi. ₦310,000 ni mo fi gbà á délé, owó ẹni tó bá mi gbé e wọ̀lú wà nínú rẹ̀. Rìmóòtù, bátìrì, ṣájà àti ESC, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń wọn iná fún motor, kò sí nínú owó yẹn o. Ọ̀tọ̀ ni mo ra ìyẹn. Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Sábó, Ìkòròdú, láti ọdún mọ́kànlá báyìí, nítorí náà ẹ má rò pé ẹnì kan ló lù mí ní jìbìtì. Mo mọ ohun tí mo ń rà. Wàhálà tó wà nínú rẹ̀ ni mi ò mọ̀.

Tamiya, ilé iṣẹ́ àwọn ará Japan, ló ṣe é. M-05 lorúkọ ṣáásì, ìyẹn egungun ọkọ̀ náà, Mini Cooper ni aṣọ tó wọ̀ sí i. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi ni wọ́n ṣírò ìwọ̀n rẹ̀ sí. Láti àárín táyà iwájú dé àárín ti ẹ̀yìn jẹ́ 210 mm, kò tó rúlà ọmọ ilé ìwé, ṣùgbọ́n ẹ lè na ṣáásì náà sí 225 mm tàbí 239 mm bí ẹ bá fẹ́ wọ aṣọ ọkọ̀ mìíràn fún un. Táyà iwájú nìkan ló ń fà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mini gidi: láti 1959 tó ti jáde ni Alec Issigonis, ẹni tó yàwòrán rẹ̀, ti gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ níbùú síwájú, kí táyà iwájú máa fà á. Ọkọ̀ yẹn gba ìdíje Monte Carlo ní 1964, 1965 àti 1967. Òun náà ló ṣe ipò kìíní ní 1966 kí wọ́n tó fagi lé e nítorí iná iwájú rẹ̀. Ẹ ò wá ní bá mi fojú kéré rẹ̀ pé ó kúrú.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ mẹkáníìkì ní Ágíríìkì, Ìkòròdú níbí, ló tì mí débẹ̀. Peugeot 504 ló fi kọ́ṣẹ́, èyí tí táyà ẹ̀yìn ń tì. Camry àti Corolla tí iwájú ń fà ló ń bọ́ ọ báyìí. Ó ní, "Àbúrò, bí o bá fẹ́ mọ ìdí tí ṣááfù Camry fi ń ké ta-ta-ta ní kọ́nà, ra oní-front-wheel, tò ó fúnra rẹ." Mo rà á, mo tò ó. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ ta-ta-ta ní ibùdókọ̀ Bẹ́ńsìn, ń ṣe ni mo máa ń rẹ́rìn-ín, torí ṣááfù inú àpótí yìí náà máa ń ké bẹ́ẹ̀ bí mo bá yí táyà dópin tí mo sì fún un níná. Eegun irin lásán ni ṣááfù yẹn, orí róbótó méjì ló ní, ó kàn há sínú kọ́ọ̀bù ni. Universal ṣááfù wà tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀. Ẹ rà á. Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn.

Òru mẹ́ta ni mo fi tò ó. Inú àwọn àpò kéékèèké tí wọ́n kọ A, B, C sí lára ni gbogbo ẹ̀ wà, ìwé àwòrán tó bá a wá sì ye ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ohun kan ló dà mí láàmú: síkúrúù. Ojú wọn dà bí àgbélébùú, mo ní ṣé èmi tí mo ní ogójì screwdriver lórí tábìlì ni wọ́n fẹ́ fi síkúrúù dẹ́rù bà? Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo yí i ni screwdriver mi yọ̀, ó sì jẹ ojú síkúrúù. Àgbélébùú ti àwọn ará Japan ni, JIS ni wọ́n ń pè é, ìdí rẹ̀ kò rí bíi ti Phillips tá a máa ń lò. Ẹ wá JIS kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì kó búṣì, òrùka tí ṣááfù ń yí nínú rẹ̀, tó wà nínú àpótí sápá kan, béárínì ni kí ẹ fi rọ́pò wọn látìbẹ̀rẹ̀, èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ 5 mm, tí òde jẹ́ 11 mm, tó ní ìdérí róbà. Nínú eruku Ìkòròdú, búṣì kò lè pẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà, èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Aṣọ ọkọ̀ náà mọ́ gaara bíi gíláàsì, inú lèèyàn ti ń kùn ún, wọ́n sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo ìta rẹ̀ tí ẹ ó ṣí kúrò nígbẹ̀yìn. Ìyẹn yé mi. Èyí tí kò yé mi ni pé ọ̀dà polycarbonate, irú ike tí wọ́n fi ṣe aṣọ náà, ni wọ́n ní kéèyàn lò. Mo lọ ra agolo ọ̀dà tí àwọn pánẹ́lì-bítà ń lò, pupa tó ń dán. Ọjọ́ kejì tí Mini kọlu ìdí òpó, ọ̀dà náà bó jálẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà. Títí dòní, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ rí bí awọ ẹni tó ń bọ́ra lẹ́yìn àìsàn. Ẹ máa ṣáátá mi, mo gbà.

Bátìrì náà tún ni. ESC tí mo rà ni Hobbywing QuicRun 1060, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an: kò gbówó lórí, ó sì ṣe é sódà bọ̀. Jọ́ńpà kéékèèké méjì ló wà lára rẹ̀. Ọ̀kan ni ẹ fi ń sọ irú bátìrì tí ẹ lò, LiPo tàbí NiMH. Èkejì ni ẹ fi ń sọ bóyá ẹ fẹ́ rìfáàsì tàbí ẹ ò fẹ́. Èmi fi LiPo onísẹ́ẹ̀lì méjì sí i, mo sì fi jọ́ńpà sílẹ̀ lórí NiMH. Èyí túmọ̀ sí pé ESC kò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ iná dúró. Ọkọ̀ náà ń lọ, mo ń yọ̀. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù tí mo wọn bátìrì náà, sẹ́ẹ̀lì kan ti já sí 2.4 V, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó lọ sísàlẹ̀ 3 V. Kó tó dọ̀la, ó ti wú bíi búrẹ́dì. Èmi tí mò ń kìlọ̀ fún àwọn kọ́sítọ́mà nípa bátìrì fóònù tó wú! Ẹ tẹ́tí sí i bí ẹ bá tan án: bó bá ké lẹ́ẹ̀kan, NiMH ló rò pé ó wà níbẹ̀, bó bá ké lẹ́ẹ̀mejì, ó ti mọ LiPo onísẹ́ẹ̀lì méjì. Bátìrì 12 V sólà ṣọ́ọ̀bù mi ni mo fi ń gba ṣájà rẹ̀, n kì í dúró de NEPA.

Ibi tí mo ti ń wà á ni ọgbà ìgbọ́kọ̀sí ilé ayẹyẹ kan ní Ìgbógbó. Ẹni tó ni ín gbà fún wa láàárọ̀ Sátidé, kí àwọn oníkánópì tó dé. Ike omi tí mo bu yanrìn sí ni kọ́nà wa. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ojú tì mí. Bí mo bá yí sítíárín tí mo sì fún un níná, Mini á máa lọ tààrà síwájú bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà, kò níí yà ní kọ́nà. Mo rò pé motor ni kò lágbára. Ẹ̀mejì ni mo fẹ́ẹ́ ra motor mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ò sí lára motor, dìfúrẹ́ńṣà ni. Mo fi fóònù ya á ní slow motion, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí íńtálọ́ọ̀kì bí ẹni tó ń kí Ayangbúrẹ́n, ọba Ìkòròdú. Nínú fídíò náà, bí ọkọ̀ ṣe ń jáde kúrò ní kọ́nà, ara rẹ̀ tẹ̀ sóde, táyà iwájú tó wà lápá inú fúyẹ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbéra nílẹ̀. Táyà yẹn ń pòòyì, eruku ń tú lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó wà lápá òde, tí gbogbo ẹrù ọkọ̀ wà lórí rẹ̀, ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tí iṣẹ́ ò kàn. Dìfúrẹ́ńṣà ló ń gbà kí táyà kan sáré ju èkejì lọ ní kọ́nà, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ bí ọ̀kan bá ti fúyẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni agbára ń sá lọ.

Mo tú gíábọ́ọ̀sì. Àwọn jíà kéékèèké ló wà nínú dìfúrẹ́ńṣà náà, gírísì díẹ̀ tí ìwé ní kí n fi sí i ló wà níbẹ̀. Mo nù ún kúrò, mo wá gírísì kan tó lẹ̀ bí àtè, mo kì í mọ́ ọn títí kò fi sí àyè mọ́. Bí ẹ ṣe máa dán an wò rèé: ẹ di jíà ńlá mú kó má yí, kí ẹ fọwọ́ yí táyà kan, èkejì á máa yí padà sẹ́yìn. Bó bá ń yí fẹ̀rẹ̀, ó ti tú jù. Ó yẹ kí ọwọ́ yín mọ̀ pé òun ń bá nǹkan jà, bí ìgbà tẹ́ ẹ ń ro ọkà tó ti ń dì. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo ṣe é, mo ki gírísì tó le jù, dìfúrẹ́ńṣà fẹ́rẹ̀ẹ́ dì pa, ọkọ̀ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kọ́nà kékeré sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló ṣe gẹ́ẹ́. Ìyàtọ̀ tí gírísì yẹn mú wá ju èyí tí motor tuntun ì bá mú wá lọ, kò sì ná mi ju owó àmàlà ọjọ́ mélòó kan lọ.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá kojú ẹ̀yìn. Táyà iwájú ọkọ̀ yìí ló ń fà á, òun ló ń yí ní kọ́nà, òun náà ni bíréèkì wà lára rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn kàn ń tẹ̀ lé wọn lọ ni. Bí ẹ bá wá fi táyà tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa sẹ́yìn, ẹ̀yìn kò níí gbà kí imú yí. Torí náà, táyà tuntun, tó rọ̀, iwájú ni mo ń fi sí. Èyí tó ti jẹ tán níwájú tàbí tó le, mo gbé e lọ sẹ́yìn. Sípíríngì ẹ̀yìn náà le ju ti iwájú. Kíákíá ni táyà iwájú ń jẹ, ẹ fowó rẹ̀ sọ́kàn. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún Camry yín o. Ti ọkọ̀ gidi, ẹ̀yìn ni wọ́n ní kéèyàn fi táyà tuntun sí, kó má baà yọ̀ lójú òjò.)

Bí ẹ̀yìn bá ti ń tú báyìí, ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbà á wà, ó sáré wọ kọ́nà, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ẹ̀rù bà á, ó tú ìka sílẹ̀. Mini pòòyì ní ìlọ́po méjì, ó sì wọ abẹ́ kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan tó wà ní géètì. Bí ẹ bá tú ìka sílẹ̀ lójijì, motor á di bíréèkì fún táyà iwájú nìkan, ẹrù á ya síwájú, ẹ̀yìn á fúyẹ́, ó tán. Ẹ fi kún iná ni, kí iwájú fa ẹ̀yìn tọ́. Ó gbà mí ní oṣù kan gbáko kí ìka mi tó gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ rọra wọ kọ́nà, ẹ yí i, ẹ tètè fún un níná.

Ṣọ́ọ̀kì tó bá a wá kò ní ọ́ìlì, sípíríngì àti gírísì lásán ni. Lórí ojú ìsopọ̀ íńtálọ́ọ̀kì, ń ṣe ló ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Mo ra ṣọ́ọ̀kì CVA, ti Tamiya kan náà, tó ń gba ọ́ìlì. Bí ẹ bá rọ ọ́ìlì sí i, ẹ rọra máa fa pístìnnì sókè sódò kí afẹ́fẹ́ inú ọ́ìlì jáde, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó dé e. Èmi kò ní sùúrù níjọ́ àkọ́kọ́, méjì nínú mẹ́rin ń pariwo bí ẹni mu gààrí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni pé gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ dé pa. Oṣù méje, ọyẹ́ àti yanrìn, mo tú u lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú rẹ̀ mọ́. Sítíárín ló ti ń mì díẹ̀. Ìlọ́po ìgbà tí mo fi kọlu ike omi ló fà á, mi ò lè bá ẹnikẹ́ni jà.

Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ̀ tó tóbi, Tamiya ti ṣe FF-03, XRAY sì ń ṣe irú tirẹ̀ fún àwọn tó ń bára wọn díje lójú méjèèjì. Ti XRAY kì í ṣe owó tí èmi lè dárúkọ níwájú ìyàwó mi. Ẹni tó bá fẹ́ ohun tí ọmọ á kàn gbé jáde nínú páálí tí á máa sáré, ẹ má ra M-05, ẹ ó bínú sí mi. Mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Owó béárínì, ṣááfù àti ṣọ́ọ̀kì ló jẹ ọ̀kan tó kù, kó tó di pé ẹ gbádùn rẹ̀, ẹ ó ti ná tó ₦90,000 sí i lórí àwọn wọ̀nyẹn.

Mẹkáníìkì tó tì mí sínú ẹ̀ wá wà á lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyípo mẹ́ta péré ló ṣe, ó gbé e, ó yí i dojú dé, ó fọwọ́ yí táyà iwájú, ó gbọ́ bí dìfúrẹ́ńṣà ṣe ń bá a jà. Ó wá bi mí pé ibo ni mo ti rí gírísì yẹn.